Ìlà Lára Pákó Ọ̀gànwó

"Bàbá, ìlà mélòó lẹ rí níbẹ̀?"

"Mélòó lo fà síbẹ̀?"

"Ṣé ohun tí mo bi yín nìyẹn?"

"Ìgbà wo lo di ẹni tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Bí mi ò bá bi yín, ta ni yóò bi yín?"

"Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni bi mí?"

"Ṣé ẹ rí ìlà náà àbí ẹ ò rí i?"

"Èwo?"

Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Pákó kékeré kan ni ó wà lórí tábìlì iṣẹ́ láàárín bàbá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìlà kan ṣoṣo ni ọmọ náà fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fà sí i lára, ẹni tí ó bá sì rí ìlà kan ṣoṣo kò ní ìdí láti béèrè pé èwo ni.

Bàbá náà ti gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ó na ọwọ́ sí pákó náà, ó ń fi èékánná àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀ kiri títí èékánná náà fi bọ́ sínú ìlà. Nígbà náà ni ara rẹ̀ tó balẹ̀.

"Ìlà rẹ nìyí. Ó jìn jù. Ṣé ẹran lò ń gé ni?"

"Mo ní kẹ́ ẹ fi ojú wò ó ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi ọwọ́ wá a."

"Ìyá mi, mú ìgbálẹ̀. Ilẹ̀ yìí ò ṣeé tẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

"Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ó gbálẹ̀. Obìnrin tí ó ní ọkọ àti ọmọ nílé ni, ṣùgbọ́n kò tíì dàgbà kọjá ẹni tí bàbá rẹ̀ lè ní kí ó gbálẹ̀. Ìyá mi ni bàbá náà máa ń pè é, nítorí pé ó jọ ìyá tí ó bí bàbá náà, tí ó ti kú, bí ìmumu, ó sì tún jogún agídí ìyá náà ní àjẹmọ́nú.

Aláìkànṣó ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá yìí. Kì í kan ìṣó mọ́ ohunkóhun tí ó bá ṣe. Bí ó bá fẹ́ so pákó méjì pọ̀ ní igun kọ́bọ́ọ̀dù, yóò gé ẹnu ọ̀kan bí eyín, yóò gbẹ́ àlàfo tí eyín wọ̀nyẹn yóò wọ̀ sí ẹnu èkejì, yóò fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ ra á, yóò sì fi òòlù onígi lù ú wọlé. Bí eyín bá ti gbá àlàfo mú báyìí, ẹni tí ó bá fẹ́ yà wọ́n yóò kọ́kọ́ fọ́ igi náà ni. Ọwọ́ ìlà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fà á, wọn kì í fi pẹ́ńsùlù fà á rárá, kí ó lè tín-ín-rín. Ayùn kò sì gbọdọ̀ gun orí ìlà náà: ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gé jù nù ni yóò gbà, kí ìlà lè ṣẹ́ kù sára igi.

Òfin kan ṣoṣo ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì le ju irin lọ: ẹni tí ó bá fa ìlà ni yóò gé e. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́, bàbá rẹ̀ kò gbà kí ó gé ìlà òun rí, òun náà kò sì gé ti ọmọ. Nígbà tí ó wá pè é ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, tí ó ní kí ó wá fa gbogbo ìlà sára pákó Ìyá Agbẹ̀bí, pé òun yóò gé e fúnra òun, ìyàlẹ́nu kọ́ ni ó ṣe ọmọ náà. Ẹ̀rù ni ó bà á. Ó fà á tán. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi pákó kékeré dán bàbá rẹ̀ wò, tí bàbá náà sì ń fi ìbéèrè san ìbéèrè.

Pákó tí wọ́n ń sọ yìí kò ní èkejì. Ìyá Agbẹ̀bí jẹ́ opó tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ọkọ rẹ̀ ni ó gbin igi ọ̀gànwó kan sẹ́yìn ilé wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀. Ìjì wó igi náà nígbà tí ọkùnrin náà wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn tí ó gbé e lọ, láti orí ibùsùn náà ni ó sì ti ránṣẹ́ pé kí Aláìkànṣó fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fún ìyàwó òun. Wọ́n la igi náà sí pákó. Ọmọ Aláìkànṣó ni ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí ó fi ègé igi pẹlẹbẹ sáàárín pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Òun ni ó ń yí wọn padà láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, títí igi náà fi gbẹ dénú, tí ó pupa bí oyin àtijọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ni ó lè jáde lára rẹ̀. Kò sí ti àṣìṣe níbẹ̀.

Ó ń gba eruku igi jọ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí kì í parí iṣẹ́!"

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni Aláìkànṣó dáhùn. "Tàwọn tó ń yára parí tiwọn ni ẹ̀ ń rí tó ń wó lulẹ̀ kiri yẹn."

"Tiwa ò tíì dúró ká tó mọ̀ bóyá yóò wó. Ọmọ mi ní òun ń bọ̀ wá kó mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti ta ilé. Yàrá kan ni wọ́n fún mi lọ́dọ̀ wọn, ìyàwó ẹ̀ sì ní kí n má gbé àga kankan wá, pé àga pọ̀ nílé àwọn. Mo ní kò burú. Nǹkan ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa gbé dání."

"Ẹ óò gbé e dání."

"Aṣọ bàbá wọn ni mo fẹ́ kó sí i. Kò sẹ́ni tó máa wọ̀ wọ́n, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ máa ṣí ilẹ̀kùn tó jẹ́ igi tó gbìn." Ó kọjú sí Aláìkànṣó. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò gé e, àbí?"

Ọmọ náà gbé orí sókè. "Ìyá, bí èmi àti Bàbá bá jọ ṣe é ńkọ́?"

"Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo gbẹ̀bí ẹ, mo mọ bó o ṣe ké lọ́jọ́ náà, ilé kejì gbọ́. Mi ò ní kóo má mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá ẹ ni olóògbé dá."

"Èmi ni mo máa gé e," ni Aláìkànṣó wí. "Kí ni ẹ̀yin obìnrin ń dà mí láàmú sí?"

Ìyá Agbẹ̀bí tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ etí mi lẹ̀ ń wò bẹ́ ẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀?"

"Yẹtí yín ni mò ń wò. Ó bá yín mu."

"Yẹtí wo?" Obìnrin náà fọwọ́ kan etí rẹ̀ méjèèjì. "Mi ò wọ yẹtí láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú."

Níta, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kọjá lọ. Ìyá Agbẹ̀bí ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dénú.

"Ẹ ti dàgbà o, Aláìkànṣó. Ẹ ti ń rí yẹtí létí opó."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọmọ náà gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ìyá náà ń nu ife. Bí ó ti nu ọ̀kan tán ni ó gbé e sórí tábìlì, sí ibi kan pàtó, ó sì yí ọwọ́ ife náà sí apá ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó.

"Màmá, kí ló ń ṣe Bàbá lójú?"

"Kí ló ń ṣe ìwọ náà lẹ́nu?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ó rí yẹtí létí Ìyá Agbẹ̀bí lónìí."

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo yẹtí obìnrin. Mo rò pé ìyẹn ti tán lára ẹ̀."

"Mi ò bá yín ṣeré."

Ìyá náà fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló ń gbé ife yìí síbì kan náà láràárọ̀? Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni má sún àga kúrò níbi tó wà nínú ilé yìí? O rò pé ìmọ́tótó ló ń gùn mí ni?"

"Ẹ mọ̀."

"Kí ni mi ò ní mọ̀? Èmi tí mò ń sùn tì í. A ti lọ bá dókítà ojú. Dókítà ní ojú ọ̀tún àti ti òsì ò wo ibì kan náà mọ́, pé ohun tó fà á wà nínú orí, gíláàsì ò sì lè tún un ṣe. Ó na ìka kan, ó ní mélòó ni Bàbá rí. Bàbá ẹ ní irú ìbéèrè ọmọdé wo nìyẹn, ó dìde, ó fi èjìká kọlu férémù ilẹ̀kùn. Ó wá yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí pé férémù náà wọ́, pé ta ni káfíńtà wọn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọ náà, omi sì dé ojú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi sọ fún un kó jẹ́ kí n gé pákó náà."

"Kò gba tèmi rí lórí igi."

"Tó bá bà á jẹ́, kò sí òmíràn."

"Tó o bá gba ayùn lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù fún un? Kó jókòó síwájú ilé kó máa ka àwọn tó ń kọjá, kó máa kà wọ́n ní méjì méjì?" Ìyá náà tún gbé ife kan, ó ń nu ohun tí ó ti mọ́. "Mo ti bi í títí, ọmọ mi. Mo bi í lórí ibùsùn, mo bi í nídìí oúnjẹ. Ijọ́ tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀ pé á gbé irinṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ ọ́."

Ọmọ náà gba ẹ̀yìnkùlé padà lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì iṣẹ́. Bàbá náà ti gbé àwọn pákó pupa náà kalẹ̀, ó ti pọ́n ayùn rẹ̀, ó sì wọ fìlà tí ó máa ń wọ̀ bí iṣẹ́ bá gba àfiyèsí.

"Ìyá mi, ó yá, lọ sílé ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí. Lọ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá tí kọ́bọ́ọ̀dù máa gbà wọlé."

"Mo ti wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá."

"Tún un wọ̀n."

"Ẹnu ọ̀nà kì í dàgbà."

"Ìwọ náà ò sì tíì dàgbà ju ẹni tí mo lè rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mú tépù."

Ó mú tépù, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. "Bàbá, ẹ ò ní gé e kí n tó dé?"

"Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?"

Ó ti rìn jìnnà kí ó tó yé e pé bàbá rẹ̀ kò dá òun lóhùn.

Ilé ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí jẹ́ ilé òkè kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró. Ìyàwó ilé ni ó ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ ọwọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún opó náà ni wọ́n ti ń kó ẹrù pamọ́ tẹ́lẹ̀, àpá òkìtì àpótí ṣì wà lára ògiri.

"Ẹ tún ti dé," ni ìyàwó ilé wí.

"Bàbá mi ní kí n tún un wọ̀n."

"Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù náà máa tóbi? Ẹ wo yàrá yìí. Mo ti ń bẹ ọkọ mi pé kó bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Bí Màmá ṣe fẹ́ ẹ ni."

"Bó bá lè kéré díẹ̀, inú mi á dùn. N ò ní ohun burúkú lọ́kàn. Ibùsùn ṣì máa wọ ibẹ̀."

Ó wọ̀n ọ́n. Kò yí padà kúrò ní bí ó ti wà. Ó sáré sọ̀kalẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù Aláìkànṣó, òpópónà ni ènìyàn ti máa ń mọ̀. Eyín tí ó bá bá àlàfo rẹ̀ mu máa ń ta ko òòlù: ohùn rẹ̀ wúwo lákọ̀ọ́kọ́, ó ń ga sí i bí igi ti ń wọlé, títí yóò fi dún gan-an, tí gbogbo aládùúgbò yóò mọ̀ pé igun kan ti dé. Ọmọ náà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ ayùn. Kò gbọ́ òòlù.

Ó wọlé. Eruku igi pupa ti bo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró, ó di pákó kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó di èkejì mú ní ọwọ́ òsì. Ó ti eyín bọ inú àlàfo. Eyín náà wọlé, kò dún, kò ta ko nǹkankan. Ó fà á yọ. Ó tún tì í wọlé. Òòlù onígi náà wà lórí tábìlì, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Ọmọ náà gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ní apá kan eyín kọ̀ọ̀kan, ìlà òun ṣì wà níbẹ̀, ojú irin ìgbẹ́gi tí wọ́n fi fá a sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, ìlà òun ti bá eruku lọ. Ayùn ti gba inú ibi tí ó yẹ kí ó ṣẹ́ kù, bí ẹni pé ìlà mìíràn wà níbẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lé. Bàbá rẹ̀ sì ti fá apá tí ó sanra kí ó lè wọlé, gbogbo eyín wá tín-ín-rín. Ó wo igun kejì, ó wo ẹ̀kẹta. Kò sí èyí tí ó dára.

"Igi yìí ti fún, ó ti sún kì," ni bàbá náà wí.

"Láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, Bàbá?"

"Mo ní ó fún. Kò gbẹ dénú."

"Èmi ni mo tò ó."

"Mi ò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ìlà mélòó lẹ rí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gé e?"

"Ṣé o wọn ẹnu ọ̀nà náà?"

"Bàbá."

"Ó fẹ̀ tó àbí kò fẹ̀ tó?"

Ó gbé pákó náà kalẹ̀. Kò bínú, ìbá sàn bí ó bá lè bínú. Ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ó ń nu eruku kúrò lára tábìlì, tí ó sì ń nu ibi tí eruku kò sí.

Wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí dé. Ó gbé àpò aṣọ kan dání, ó ní òun wá wò ó bóyá kóòtù ọkọ òun yóò lè so rọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà láì ká. Ó rí eruku, ó rí pákó, ó sì rí ojú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tí ó ṣe jẹun ti kọ́ ọ láti mọ ojú tí ó gbé ìròyìn burúkú dání.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ jókòó, Ìyá," ni Aláìkànṣó wí.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lórí ìdúró."

"Igi náà ò gbẹ tó. Ó fún lẹ́yìn tí mo gé e. Eyín ẹ̀ ò mú àlàfo mọ́."

Ìyá Agbẹ̀bí yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ lo tò ó."

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ lo wá sọ fún mi nílé pé ó ti gbẹ. O ní mo lè fọkàn balẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sì fọkàn balẹ̀."

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Ó dúró dè é. Bàbá náà ń wo àárín ọmọ rẹ̀ àti opó náà, sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Mi ò bá ẹ jà," ni opó náà wí fún ọmọ náà, ohùn rẹ̀ sì ti rẹ̀ ẹ́. "Ọmọdé ló ń ṣe ẹ́. Ó yẹ kí n mọ̀. Igi tí kò bá gbẹ, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

Ó yíjú padà sí bàbá náà.

"Aláìkànṣó, ẹ̀yin ni mò ń bi. Ṣé wọ́n lè tún un gé?"

"Bó bá jẹ́ pé igi ló ń fún, Ìyá, ibi tí wọ́n bá tún gé náà máa fún."

"Ẹ fi dáná, nígbà yẹn." Ó gbé àpò aṣọ náà sí èjìká kejì. "Mi ò gbé nǹkan tó ń ṣàìsàn lọ sílé ọmọ mi. Bàbá wọn ti ṣàìsàn tó. Ẹ wá ẹni tó máa fi dáná, ẹ má ṣe é níṣojú mi."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọmọ náà sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Ó wá ègé pákó pupa kan nínú èyí tí wọ́n gé jù nù. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó sì mú ohun tí wọn kì í lò nínú ṣọ́ọ̀bù náà jáde: pẹ́ńsùlù kan tí ó ti kúrú, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ oníbàárà. Ó fi rúlà gbè é, ó fa ìlà kan sára ègé pákó náà, ó fà á fẹ́rẹ́, kò fi agbára sí i. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ń bọ́ sí tààrà.

"Bàbá, bó bá jẹ́ pé igi náà ò gbẹ, kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ayùn ló ṣìnà, igi náà sàn. A ó gé gbogbo ẹnu tó bàjẹ́ yẹn kúrò, a ó fa ìlà tuntun. Kọ́bọ́ọ̀dù náà á kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n á dúró. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èwo ló ṣẹlẹ̀."

Ó sún ègé pákó náà mọ́ ọn.

"Ìlà mélòó lẹ rí?"

Àtàǹpàkò bàbá náà jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú pákó náà kiri, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Pẹ́ńsùlù kì í gbẹ́ igi. Kò sí ibi tí èékánná lè bọ́ sí.

"Ta ló ní kóo fi pẹ́ńsùlù fà á?"

"Mélòó, Bàbá?"

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ṣé pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ́ ọ?"

Ìyá Agbẹ̀bí ti padà wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ lórí eruku igi náà, ó wo ìlà náà, ó wo ojú ọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí etí ara rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Aláìkànṣó," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ó ti máa ń bá obìnrin tí ọmọ kọ̀ tí kò wálẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà iṣẹ́ rẹ̀, "ẹ dá ọmọ yín lóhùn."

Bàbá náà gbé àtàǹpàkò kúrò lára pákó. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òòlù. Ó wá ayùn rẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbá òfìfo mú, kí ó tó bá a. Ó yí i padà, ó na èèkù ayùn náà tí ó jẹ́ igi sí apá ibi tí ó rò pé ọmọ rẹ̀ wà. Ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Igi náà gbẹ, Ìyá," ni ó wí fún opó náà. "Ọmọ yìí tò ó dáadáa."

"Ìlà ńkọ́, Bàbá?"

Ó tẹjú mọ́ pákó náà pẹ́ títí, bí ẹni tí ó ṣì ń retí pé ọ̀kan nínú wọn yóò ṣàánú òun, kí ó kúrò níbẹ̀.

"Méjì," ni ó wí.